Ọwọ́ Tí Màmá Ṣáínà Fi Lé Àyà

Ọ̀bẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé: kọ́, kọ́, kọ́, lórí pákó, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi ní ọjà Okaishie, ní Accra. Ìyá àgbà ará Ṣáínà tó ń gbébẹ̀ ń gé kábéèjì nìyẹn. Wọ́n á fi iyọ̀ ra á, wọ́n á sá a sórí páànù, òórùn kíkan rẹ̀ á sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyá mi tó ń ta ọṣẹ á yínmú sí i, síbẹ̀ àwọn ló máa ń sáré kó o wọlé bí òjò bá ṣú. Màmá Ṣáínà la máa ń pe ìyá àgbà náà.

Ọmọ ọmọ wọn obìnrin ni ọ̀rẹ́ mi. Accra ni wọ́n bí i sí, bíi tèmi. Twi rẹ̀ já gaara ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá bá a sọ èdè wọn, "hẹn, hẹn" ni yóò máa wí, yóò sì gbé ohun tó bá sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ní kó gbé fúláàsì omi gbígbóná wá, ó lè gbé ìgbálẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi á ní, "Kí lò ń rín? Ìwọ tí mo ń sọ Yorùbá fún látàárọ̀, tó jẹ́ Twi lo fi ń dá mi lóhùn. Aláta wo nìwọ?" Aláta ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn òbí ọ̀rẹ́ mi lọ gbẹ́rù ní èbúté Tema, òógùn bo Màmá Ṣáínà. Ìyá mi ní kí àwa méjèèjì mú wọn lọ sí kílíníìkì, kí àwọn lè máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wá. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Màmá Ṣáínà fi ọwọ́ lé àyà òsì, wọ́n fà á gba èjìká, wọ́n fà á gba apá títí dé ìka tó kéré jù, wọ́n sì sọ̀rọ̀, ó pẹ́. Ìwé ni nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́. Ọ̀rẹ́ mi wolẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí èmi náà máa ń ṣe nìyẹn bí ìyá mi bá sọ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, tí ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ pé kò yé mi.

"Ɔse wabrɛ," ni ọ̀rẹ́ mi wí. Ó ní ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Nọ́ọ̀sì fún wa ní oògùn ara ríro. Nínú trotro, ọkọ̀ èrò tó gbé wa padà, Màmá Ṣáínà gbé orí lé èjìká ọmọ ọmọ wọn, ọkàn wọn balẹ̀ pé ó ti bá àwọn sọ ọ́. Ó yọ́ ọ sí mi létí pé, "Chale, ọ̀rẹ́ mi, kò yé mi. Jọ̀ọ́, má sọ fún Dádì." Mo ní mi ò ní sọ.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, tí wọ́n béèrè, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo dúró síbẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀pà. Ní ọjọ́ kẹta, mo ti ilé ìwé dé, pákó kò dún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá náà bi ọmọ wọn léèrè ohun tí ìyá àwọn sọ ní kílíníìkì gan-an. Ẹkún ló bú sí. Wọ́n yíjú sí mi. Ni mo bá fi ọwọ́ lé àyà òsì, mo fà á gba èjìká, títí dé ìka tó kéré jù. Wọ́n wo ọwọ́ mi títí. Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọdé ni yín," ni ìyá mi wí fún mi. Mi ò gba ìtùnú yẹn, títí dòní. Ọ̀rọ̀ ni kò yé ọ̀rẹ́ mi. Èmi rí ọwọ́. Twi mi tó láti sọ ohun tí ojú mi rí fún nọ́ọ̀sì, mi ò sì sọ ọ́.

Àwọn ọmọ tèmi náà ti ń fi Twi dá mi lóhùn báyìí. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn jà. Ohun kan ni mi ò gbà nínú ilé mi: kí n sọ̀rọ̀ tí kò yé wọn, kí wọ́n ní "hẹn". Kí wọ́n ṣáà sọ pé kò yé àwọn. Màá tún un sọ. Mo ṣì wà láàyè.