Taksí Tí Èrò Inú Rẹ̀ Ń Dín Kù

Fíìmù tó ń dẹ́rù bani lójú ọ̀nà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ní Savalou, èmi tí mo ń ka Ìwé Mímọ́ fún ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, bí mo bá ti rí ọkọ̀ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà gígùn, tí igbó wà lọ́tùn-ún, tí igbó wà lósì, tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ò mọ ohun tí àwa tí à ń wò ó ti mọ̀, àyà mi á máa já, inú mi á sì máa dùn. Ọkùnrin Nàìjíríà kan tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ló ń bá mi kó wọn sínú fóònù. Kì í tilẹ̀ béèrè ohun tí mo fẹ́ mọ́. Á kàn pariwo pé, "Màdáámù, èyí tó ń pani láyà ti dé o!" Gbogbo ẹni tó wá ra epo á sì yíjú wò mí.

Ọkọ mi rò pé ìwàásù ni mò ń gbọ́ bó bá rí okùn fóònù létí mi. Mi ò sọ fún un rí pé ìwàásù ni. Mi ò sì sọ fún un pé kì í ṣe ìwàásù.

Mo ti bi ara mi léèrè ohun tí mò ń wá níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ní ayé tiwa, aburú kì í sọ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá mi kú, mò ń gé ilá lọ́wọ́ ni, ilá náà ò sì yí àwọ̀ padà. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, orin á kọ́kọ́ yí, afẹ́fẹ́ á dákẹ́, èèyàn á rí àyè di ìjókòó mú. Bó bá parí, mo dìde, mo lọ gbé omi ka iná. Ẹ̀rù ti bà mí tán, nǹkan kan ò sì ṣe mí.

Ká ní ara mi nìkan ni mò ń dẹ́rù bà, ọ̀rọ̀ ì bá mọ síbẹ̀.

Lọ́dún yìí, nígbà tí wọ́n ń kó kajú lóko, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá ọkọ mi. Bantè ni ìyá ń gbé. Nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Àwọn dókítà ojú tí wọ́n máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí Savalou, tí wọn kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó lọ, sọ pé àwọn á kọ́kọ́ ṣe ti ọ̀tún. Bí àwọn bá tún padà dé, kó wá ṣe ti òsì. Ìyá wá wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú aṣọ lójú kan, èkejì kò sì rí ju òjìji lọ. Ìsinmi Àjíǹde ni fún àwa olùkọ́, nítorí náà èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rò pé mo ti sùn, èmi náà rò pé ó ti sùn. Okùn yọ létí mi, obìnrin inú fíìmù sì figbe ta.

"Kí ló ń ké nínú fóònù rẹ yẹn, ìyàwó mi?"

"Obìnrin kan ni, Ìyá. Òun àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n wọ ọkọ̀."

"Níbo ló ń lọ?"

Ìbéèrè yẹn ló kó bá mi. Ibi tí fíìmù náà ti ṣẹlẹ̀, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Òtútù ń mú níbẹ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu wọn. Ta ló fẹ́ máa ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá àgbà tí kò kọjá Savalou rí? Mo ní, "Bantè ló ń lọ."

"Háà," ni ìyá wí, ó sì dìde jókòó.

Bí mo ṣe gbé fíìmù náà wá sórí ọ̀nà ọ̀dà tiwa nìyẹn. Ọkọ̀ wọn di taksí ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án. Obìnrin náà jókòó lẹ́yìn, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé itan. Oorun gbé e lọ fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó lajú, bàbá tó dé fìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà ibi tí bàbá ti sọ̀. Dẹ́rẹ́bà ní, "Bàbá wo?" Ó bi àwọn èrò tó kù, wọ́n ní kò sí bàbá kankan. Ọkọ̀ ò sì dúró rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra. Oorun tún gbé e, ó tún lajú, ìyá ẹlẹ́pà tó wà níwájú rẹ̀ ti pòórá.

"Kó má sùn mọ́!" Ìyá di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Sọ fún un kó má sùn!"

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Mi ò dúró. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mo ní, "Oorun ń kùn ún o, Ìyá." Bí èékánná rẹ̀ ṣe ń wọ̀ mí lára, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ara mi ń dùn létí mi bí oyin. Lójoojúmọ́, bó bá ti ku díẹ̀ kí ẹlòmíràn pòórá, mo máa ń sọ pé kí a lọ jẹun ná. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù tó ń bà á ló ń dùn mọ́ mi. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Nǹkan kan wà tí mo fojú fò dá. Lọ́dọ̀ àwọn Ìṣà ọkọ mi, àti ní Kétu tiwa, a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Oòrùn gbọ́dọ̀ wọ̀ ná, ẹni tó fẹ́ pa á á ké "Ààlọ́ o!", àwọn tó fẹ́ gbọ́ á dáhùn. Látìgbà náà, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé irọ́ aládùn ló ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ lójú oòrùn láìpe ààlọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Èmi kò pe ààlọ́, oòrùn sì wà lókè gangan.

Ìtàn náà ò tíì parí tí ọkọ mi fi rí ọkọ̀ ibi iṣẹ́ wọn tó ń lọ sí Bantè, ó sì gbé ìyá lọ sílé ní ìdájí. Ibi tí taksí inú ìtàn wà nígbà yẹn ni ìtòsí Gouka, ó sì ku obìnrin náà, ọmọ rẹ̀, àti dẹ́rẹ́bà. Mo gbàgbé wọn síbẹ̀. Fíìmù mìíràn ti dé lọ́dọ̀ elépo mi.

Nígbà tí àwọn dókítà padà dé, iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ sí Kútọnu. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin la lọ mú ìyá ní Bantè. Ẹ̀gbọ́n náà gun ọ̀kadà wá láti Akpassi, eruku bò ó látòkè délẹ̀, inú rẹ̀ ò sì dùn, nítorí ọjọ́ yẹn ni àwọn dókítà máa ṣe àṣekẹ́yìn. Ẹni tí kò bá débẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún wá, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà náà. A pe taksí dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá ti wẹ̀, ó ti ró ìró tó mọ́. Orogún rẹ̀, ìyàwó kékeré tí bàbá ọkọ mi kú fi sílẹ̀, ló bá a ru ẹrù jáde. Ìyá rí taksí. Ó dúró.

"Èrò mélòó ló wà nínú rẹ̀?"

"Mẹ́fà, Ìyá," ni dẹ́rẹ́bà wí. "Ẹ̀yin mẹ́ta ló kù, a ti lọ nìyẹn."

"Mẹ́fà nísinsìnyí," ni ìyá wí. Ó yí padà, ó lọ jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi. "Mi ò wọ̀ ọ́."

A bẹ̀bẹ̀ títí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi í bóyá abẹ ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní rárá, abẹ ò dun òun lákọ̀ọ́kọ́. Ó bi í ṣé ó lálàá ni. Ìyá wo dẹ́rẹ́bà, ó pa ẹnu dé. Ó wá fi ojú tí wọ́n ti ṣe wò mí, bí ẹni méjì tí wọ́n jọ mọ àṣírí kan ṣe ń wo ara wọn.

"Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí mi. "Kí lo mọ̀?"

"Mi ò mọ nǹkan kan, ọkọ mi."

Ẹnu mi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀, níwájú ìyá tó ń fọkàn tán mi. Ìyá kò bá mi jiyàn. Ó rò pé nítorí dẹ́rẹ́bà ni mo ṣe sẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá yíjú sí orogún ìyá. "Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin lẹ jọ ń gbélé. Ẹ̀yin lẹ sọ nǹkan sí i létí, kó má baà ríran jù yín lọ."

Ìyá kékeré sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Òun ló ń di ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ mú lọ sí balùwẹ̀ láràárọ̀. Ó kàn ń fi etí ìró nu ojú, ẹ̀gbọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ti dé orí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí bàbá wọn wà láyé. Èmi ń wo bàtà mi. Bí mo bá ní ìwà rere ló mú mi sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn, irọ́ ni. Dẹ́rẹ́bà ló ṣíná ọkọ̀ pé òun ń lọ, mo sì rí i pé ojú òsì ìyá fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Mo ní èmi ni. Mo ní kò sí taksí kankan tí èrò rẹ̀ ń pòórá, pé fíìmù ni, pé àwọn òyìnbó ló ṣe é, pé èmi ni mo gbé e wá sórí ọ̀nà Bantè kó lè dùn.

"Fíìmù?" ni ìyá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ọ̀sán lo sọ ọ́ fún mi."

"Ọ̀sán ni, Ìyá."

"O ò pe ààlọ́."

"Mi ò pè é."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú taksí, ó sì tètè gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ sílé. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

"Obìnrin tó gbọ́mọ lẹ́sẹ̀ ńkọ́?" ni ìyá bi mí.

"Kò sí i, Ìyá. Kò sí obìnrin kankan."

Ìyá kékeré ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lọ. "Àràárọ̀ là ń gbàdúrà fún un. Àwa méjèèjì. A ò mọ orúkọ rẹ̀, Ìyá Ọmọ la fi ń pè é."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, mi ò mọ ọwọ́ ẹni tí mo máa kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ nínú wọn.

Ìyá dìde lórí àpótí. Ó di èjìká orogún rẹ̀ mú títí ó fi dé ẹnu taksí, ó wọlé, ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ṣe. Ó wá yọjú sí mi níbi tí mo ṣì kúnlẹ̀ sí.

"Ohun tí à ń tọrọ fún un ni pé kó má ku òun nìkan nínú ọkọ̀," ni ó wí. "Àdúrà ti lọ, kò ṣeé dá padà. Kí Ọlọ́run wá ṣe é fún ìwọ."

Gbogbo èrò inú taksí ní "Àmín." Dẹ́rẹ́bà náà ṣe àmín. Ìyá kékeré ṣe é. Èmi lanu, ohùn kò jáde.

A bá àwọn dókítà. Ojú òsì ìyá ti là báyìí, ó ń fi méjèèjì wò mí bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, àmín yẹn kò sì tíì ti ẹnu mi jáde.