Òpó Tó Kúrú Jù

Tí mo bá ti rí rúlà onígi, tíṣà ìṣirò wa ní Ajégúnlẹ̀ ni mo máa ń rántí. Tó bá ń kọ́ wa ní gíráàfù olópòó, kò béèrè ohun tí òpó kankan ń sọ rí. "Ṣé ó gún? Ṣé ẹ kùn ún dáadáa?" Ó parí. Káfíńtà gan-an mọ ohun tí òpó wà fún. Tó bá ti fún wa ní máàkì, ó ti sá lọ sí ibùdókọ̀ Coconut nìyẹn, níbi tí mẹkáníìkì ti ń tú ẹ́ńjìnnì tírélà tí tíṣà wa fi ń ṣòwò.

Lọ́jọ́ kan, ó ní ká ya gíráàfù tiwa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ka iye ọjọ́ tí tíṣà kọ̀ọ̀kan wá sí kíláàsì lóṣù yẹn, a kọ orúkọ wọn sábẹ́ òpó wọn. Ti tíṣà ìṣirò ò ga ju èékánná lọ.

Ó gbé rúlà lé e. "Ó gún! Ẹ wo àwọ̀!" Ó fún wa ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba láti bẹ ilé ìwé wò. Wọ́n ka gíráàfù náà, wọ́n wá bi wá pé, "Tíṣà tó ni òpó kékeré yìí dà?"

Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Wọ́n ti lọ sí Coconut, mà!"