Òògùn Inú Ìgò fún Ẹ́ńjìnnì Bàbá Mi

Bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wa ọkọ̀ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ìgbà yẹn ló tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, tó sì kìlọ̀ fún mi. Ó ní epo bẹntiróòlù ayé ìgbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yẹn ní òjé nínú, òjé yẹn ló sì ń dáàbò bo ibi tí fáàfù, irin tó ń ṣí tó sì ń pa dé, ń jókòó sí nínú ẹ́ńjìnnì. Epo ti ìsinsìnyí kò ní in mọ́. Nítorí náà, nígbàkígbà tí mo bá ra epo, kí n da òògùn inú ìgò kan sí i, èyí tí yóò ṣiṣẹ́ òjé. Ọ̀dọ̀ Alhaji kan tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Sabon Gari nílẹ̀ Haúsá níbí nìkan ni kí n ti máa rà á. Ará ìlú wa ni, òun àti bàbá mi sì ti jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà kí wọ́n tó bí mi.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, n kò yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọkọ̀ náà kò fẹ́ tan láàárọ̀ mọ́. Tó bá sì tan, á máa gbọ̀n, agbára káká ni mo fi ń dé Hotoro níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà. Mẹkáníìkì mi, Haúsá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, tú orí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó ní kí n wá wò ó. Ibi tí fáàfù ń jókòó sí ti jẹ wọnú. Ó béèrè ohun tí mò ń dà sí epo. Mo gbé ìgò náà fún un. Ó dà díẹ̀ sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi.

“Kalanzir,” ló wí.

Kẹrosíìnì ni Haúsá ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn fi aró pupa sí i ni. Ó gbé kẹrosíìnì tó fi ń fọ páàtì wá kí n fi wé e, òórùn kan náà ni.

Mo wọ adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alhaji. Oníbàárà méjì wà níbẹ̀. Mo kí i, mo sì sọ ohun tí a rí. Ó ní ọkọ̀ bàbá mi ti gbó ni, pé obìnrin kò mọ ọkọ̀ tọ́jú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọkọ̀ tirẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ orí òun àti tiwa kò ju ara wọn lọ.

“Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ da ìgò yìí sí tiyín lójú mi.”

Ó wo ìgò náà, kò gbà á. Ó ní tòun kò nílò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rọra dá ìgò ọwọ́ rẹ̀ padà sórí káńtà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo délé tí mo rò fún bàbá mi, kò yà á lẹ́nu.

“Ojú mi ló ń ṣú, nǹkan kan kò ṣe imú mi,” ló wí. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ojú ló ń tì mí láti bi Alhaji.”

Mo wá rí i pé nítorí ọ̀rẹ́, bàbá mi mọ̀ọ́mọ̀ ń rán mi lọ ra ohun tó ń ba ọkọ̀ òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Inú bí mi gan-an.

Mẹkáníìkì gbé orí ẹ́ńjìnnì náà lọ fún àwọn tó ń gbẹ́ irin, wọ́n fi irin líle síbi tó jẹ. Epo lásán ló ń mu báyìí, kò nílò òògùn kankan. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ní Jímọ̀, èmi ni mo ń gbé bàbá mi lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ń rí òun àti Alhaji lẹ́yìn ìrun, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí mi.