Ọjọ́ tí Màmá Jẹ́ Kí N Fẹnu Ara Mi Sọ ọ́

Etí títì ní Ìkọ̀lé ni mo wà tí Bùnmi, ọ̀rẹ́ mi, fi pè mí pé ó rẹ òun, òun ò ní lè wá mọ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú mi, ó ti kọ̀ mí sílẹ̀ nìyẹn. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a nílé, mo bú u, mo sunkún, mo sì tún kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi mí sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, inú mi ṣófo bí àmù tí kò lómi. Mo bi ara mi pé, kí ló ń ṣe mí gan-an?

Áà, ẹ̀yin tí irú èyí ń ṣe, inú mi dùn débi pé mi ò lè rọra sọ ọ́: àìsàn yìí ní orúkọ, ó sì ní ìtọ́jú!

Olùkọ́ ni mí. Ẹni tí mo fẹ́ràn láàárọ̀, mo lè kórìíra rẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà míì mo máa ń ṣe ara mi léṣe, màá wá wọ aṣọ alápá gígùn bò ó. Àwọn kan ní ìbínú lásán ni, àwọn kan ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Màmá mi, àgbẹ̀ tó tún jẹ́ olórí àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbààwẹ̀ fún mi títí ó fi rù.

Ilé ìwòsàn kan tọ́jú mi fún taifọ́ọ̀dù. Òmíràn ní ìrònú ni, wọ́n fún mi lóògùn oorun. Mi ò bá wọn wí. Lọ́dọ̀ wa, àgbà ló ń ròyìn àìsàn ọmọ fún dókítà. Kí n tó lanu, Màmá á ti dáhùn: "Kò kàn rí oorun sùn ni o. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni." Ìyá wo ló fẹ́ tú àṣírí ọmọ ẹ̀ síta? Èmi náà á tẹrí ba.

Nígbà tí oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́, wọ́n ní ká lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti ìrònú ní Ìdó. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi ń ro wá. Obìnrin ni dókítà náà. Bí a ṣe wọlé ni Màmá bẹ̀rẹ̀ àlàyé ẹ̀. Obìnrin yẹn gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà. Mo ti gbọ́ ti ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tọmọ."

Màmá wò mí. Tó bá ní ká dìde máa lọ sílé, mo mọ̀ pé mi ò ní padà wá mọ́, bóyá mi ò tiẹ̀ ní pẹ́ láyé.

"Sọ ọ́," ló wí.

Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Màmá bú sẹ́kún. "Láti kékeré ni, dókítà. Bí mo bá ń lọ oko, á dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bíi pé mi ò ní padà. Èmi ni mo ń fi í pa mọ́."

A lọ, a bọ̀, kí dókítà tó sọ pé bọ́dálaìn ni, àìsàn ìrònú tí wọ́n ń pè ní "borderline personality disorder" lédè Òyìnbó. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ìwà burúkú. Nǹkan kékeré máa ń dun ẹni tó ní bọ́dálaìn gan-an. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: ẹ̀rù pé wọ́n á fi í sílẹ̀, ìbínú òjijì, òfìfo nínú, àìmọ irú ẹni tí òun jẹ́. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fi í hàn, ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn àti ti ará ilé ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Dókítà tó mọ̀ ọ́n ò sì pọ̀ lágbègbè wa. Ayọ̀ pé ohun tó ń ṣe mí lórúkọ mú kí n fò sókè lórí àga!

Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú mi. Mo ń kọ́ láti dárúkọ ohun tó ń dùn mí, kí n mí dáadáa, kí n dúró kó rọlẹ̀. Kò tíì tán, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi yìí tó fara da gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rọra bi Màmá ohun tí òun máa ṣe sí ọmọ òun tó ń sunkún, tó tún ń bínú. Mo rò pé ààwẹ̀ ló máa ní kó gbà. Màmá kàn fà mí lọ́wọ́ síwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi nìyí. Bọ́dálaìn ló ń ṣe é, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Mú ọmọ rẹ lọ sí Ìdó. Tí ẹ bá sì ti dọ́dọ̀ dókítà, jọ̀ọ́, panu mọ́!"