Ààlè Tí Ìyá Àgbà Fi Ṣọ́ Ẹyin Ahun

Láàárọ̀ àná, típà kan da iyanrìn sílẹ̀ níwájú ilé aládùúgbò mi ní Aládé, òórùn odò sì gba gbogbo àdúgbò. Nínú iyanrìn tútù náà ni mo ti ṣa èèpo ẹyin kan tó ti pọ́n nítorí pípẹ́. Ó le, ó sì rí roboto níbi tó kù. Ẹyin ahun odò ni.

Ahun inú àlọ́ nìkan ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀. Ti odò Ọ̀wẹnà yàtọ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí awọ bàtà, imú rẹ̀ yọ ṣóńṣó, imú yìí nìkan ló sì máa ń yọ sókè omi kó lè mí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá fà, abo á gun orí iyanrìn, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò, á yé ẹyin sí i, á bò ó, á sì padà sómi láìbojú wẹ̀yìn. Ẹyin náà kì í ṣe ti adìyẹ tí à ń yí kiri o. Bí ènìyàn bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ lè kú.

Oko kòkó Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, parí sí etí odò yẹn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wú ẹyin wọn. "Àlejò wa ni," ni ó máa ń wí, "a kì í jẹ ọmọ àlejò." Ààlè ló fi ń ṣọ́ wọn: igi kan, àkísà pupa, ìkarahun ìgbín tó ṣófo, ṣùkù àgbàdo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ilé olè ṣófo bí ìkarahun, kó sì gbẹ bí ṣùkù. Èmi ni mo máa ń di igi mú tí òun á fi so ó.

Aládùúrà sì ni wá, aláṣọ funfun pọ́ńbélé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí àgbà ìjọ wa kan, ó wá sóko láìwọ bàtà, ó ń fò lórí iyanrìn gbígbóná.

"Ìyá, ẹ̀yin náà ń sààlè? Kí lẹ fi sínú ẹ̀?"

"Àkísà ni, Bàbá. Ẹ tú u wò, bó bá dá yín lójú."

Bàbá wo ìkarahun náà, ó fà sẹ́yìn, ó ní òun á gbàdúrà sí i láti òkèèrè. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ó sọ fún mi. "Ẹ̀rù ọkàn wọn ló ń bá mi ṣọ́ ọ."

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, iyanrìn á dẹ̀, àwọn ọmọ ahun á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ, wọn á sì kọrí sómi bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì tí mo padà wálé, mo rí ipa ẹsẹ̀ abo ahun kan létí odò náà. Mo so ààlè gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àgbà ti kọ́ mi, n kò fo ohun kan. Lọ́jọ́ kẹta, ihò lásán ni mo bá. Ọkùnrin kan tó ń wa iyanrìn nítòsí kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

"Màmá, ẹ ṣé o! Tẹ́lẹ̀, irin la fi ń gún ilẹ̀ kiri ká tó rí ẹyin. Tèyí, ẹ ti bá wa fi àmì sí i."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń dúpẹ́ ni. Ẹyin náà ti dọ́dọ̀ àwọn tí ń se oúnjẹ fún àwọn tó wá gun Òkè Ìdànrè. Mo tú àkísà mi. Ẹ̀rù ìgbà yẹn ti kúrò lọ́kàn ènìyàn, n kò sì mọ ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìpamọ́ ni mo ń fi wọ́n sí. Mo ń gbé ọwọ̀ lọ ní kùtùkùtù, mo ń gbá ipa abo nù kí àwọn awayanrìn tó dé. Ọdún méjì ni mo rí ipa gbá. Lọ́dún yìí, odò fà lásìkò rẹ̀, bó ṣe ń fà láti kékeré mi, iyanrìn sì yọ síta funfun. Gbogbo àárọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn náà ni mo fi gbé ọwọ̀ lọ, tí mo sì ń gbé e bọ̀ láìfi kan ilẹ̀.