Sóyà Tí Mo Kọ̀ Lójú Àlejò

Ìyàwó mi kò bá mi jà nítorí ọ̀rọ̀ sóyà. Ìbá sàn fún mi ká ní ó bá mi jà.

Láti ìgbà tó ti kú ni mo ti ń gbìyànjú láti kọ nǹkan nípa rẹ̀, ibì kan náà ni mo sì máa ń dé tí mo fi ń gbé kálámù sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, nílé wa ní àdúgbò Adakpamé ní Lomé, lórí tábìlì tí mo ti ń kọ èyí gan-an.

Wàrà sóyà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò ni, láti ìgbèríko ìlú Atakpamé, àwọn èèyàn rẹ̀ ló sì ń gbin sóyà náà, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i. Á rẹ ẹ́ sómi, á gbé e lọ sílé ẹlẹ́rọ, á sẹ́ ẹ, á gbé omi funfun rẹ̀ kaná. Bó bá ti hó, á bu omi kíkan sí i, á sì dì bí wàrà màlúù ṣe ń dì. Á kó o sínú aṣọ, á gbé òkúta lé e títí omi yóò fi tán lára rẹ̀, á wá gé e wẹ́wẹ́, á dín in. Kò da nǹkan kan nù. Á fi ata àti àlùbọ́sà sí èérí rẹ̀, á dín in bí àkàrà. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ti adìyẹ àwọn aládùúgbò. Omi tó bá sì jáde lábẹ́ òkúta lónìí, inú ìkòkò kan ló ń fi í pamọ́ sí kó lè kan, òun ni yóò fi dì tọ̀la. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan lòun wá omi kíkan lọ síta, pé láti ìgbà náà, tàná ló ń bí tòní.

Ilé iṣẹ́ kan ní zone franche, ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, ni èmi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìkẹ́rù wọn. Táì ni mò ń wọ̀, chef, ìyẹn ọ̀gá, ni wọ́n ń pè mí. Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, bí òṣìṣẹ́ kan bá ṣí abọ́ rẹ̀ tí sóyà wà nínú rẹ̀, àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀.

“Màlúù tìrẹ yìí, ṣé inú ilẹ̀ ló ti hù ni?”

“Kò légungun, kò nírù. Gbé e fún ajá, kó o rí i bóyá kò ní bú ẹ.”

Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà kan, èmi gan-an dá sí i. Mo ní ẹran tí kò bá ti ké nígbà tí wọ́n ń pa á, èmi ò lè jẹ ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo dúró lẹ́yìnkùlé wa pẹ̀lú táì lọ́rùn, mo jẹ ẹyọ mẹ́fà tó ń gbóná láti inú epo.

Bẹ́ẹ̀ ni o, mo fẹ́ràn rẹ̀. Orí ìdúró ni mo ti máa ń jẹ ẹ́, kí n tó bọ́ bàtà.

“Papa, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹnu yín á bó,” ìyàwó mi á wí.

Ó wá lọ síbi ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin nípa oúnjẹ tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́. Ìwé àjákọ kan tó kún fọ́fọ́ ló gbé bọ̀. Ó ní sóyà máa ń fi agbára sílẹ̀ fún ilẹ̀ tí wọ́n bá gbìn ín sí, ó sì ní òun rántí oko bàbá òun, pé òótọ́ ni. Ó pa ọ̀rá tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé ẹ̀kọ pọ́n ọjà rẹ̀. Ohun tó ń wá ni pé kí ó máa gbé sóyà fún ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní zone franche. Bí ọ̀kan péré bá gbà, ó ti rí yàrá kan ní àdúgbò Kégué tí yóò gbà, yóò ra ẹ̀rọ ìlọta tirẹ̀, yóò sì kó àwọn obìnrin mìíràn mọ́ra. Ohun kan ló bẹ̀ mí pé kí n ṣe: kí n bá obìnrin tó jẹ́ olórí ilé oúnjẹ níbi iṣẹ́ wa sọ̀rọ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Oṣù gorí oṣù. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ lọ bá obìnrin náà, obìnrin náà sì gbà láti wá tọ́ ọ wò.

Ní ìlú ìyàwó mi, ẹni tó bá gbé omi fún àlejò ni yóò kọ́kọ́ fẹnu kàn án. Bó bá sì jẹ́ oúnjẹ tí àlejò kò jẹ rí lọ́wọ́ ẹni, àgbà ilé ni yóò mú àkọ́kọ́. Àwọn ará Lomé náà mọ àṣà yìí. Wọn kì í béèrè fún un, wọ́n kàn máa ń wojú ẹni ni.

Obìnrin náà dé pẹ̀lú igbákejì rẹ̀, ọkùnrin kan tó wà lára àwọn tí a jọ máa ń rẹ́rìn-ín. Faransé la ń sọ.

“Bonjour, chef,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ ń jẹ nǹkan báyìí nílé, ẹ kò wí fún wa.”

Ìyàwó mi gbé àwo wọlé. Ó ti fi igi ìtayín gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé e sí iwájú mi.

“Papa, ẹ bá wa ṣáájú.”

Mo wo igbákejì náà. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rí ọjọ́ Ajé níwájú mi, bí wọn yóò ṣe máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà níbi iṣẹ́.

“Mo ti jẹun,” mo wí.

“Ẹyọ kan kò lè kún ikùn yín.” Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó wí bẹ́ẹ̀.

“Dókítà ní kí n jìnnà sí i.”

Olórí ilé oúnjẹ náà ti mú ẹyọ kan, ó dì í mú lókè.

“Dókítà? Kí ni dókítà rí nínú rẹ̀?”

“Ikùn mi ni,” mo wí. “Kò bá a lára mu.”

Ó wo ìyàwó mi, ó sì fi sóyà náà sílẹ̀ létí àwo, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dá nǹkan oníǹkan padà. Ó ní kí madame pọ́n díẹ̀ fún àwọn, àwọn á jẹ ẹ́ nílé. Ìyàwó mi pọ́n ọn, ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ Ajé, mo rí ewé náà lójú fèrèsé ilé oúnjẹ, wọn kò tú u. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, eèrà ti bò ó. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Nígbà tí ìyàwó mi sìn wọ́n dé, ó ní, “Dókítà wo ni?”

Ó kó àwo. Nírọ̀lẹ́, ó gbé ẹja fún mi.

Láti ọjọ́ náà, ẹja ni, tàbí ẹran, ọdún lé ọdún. Kò fi sóyà kan àwo mi mọ́, kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ń wọlé láti ẹ̀yìnkùlé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, èmi á jókòó ti ẹja mi. N kò lè béèrè. Bí mo bá béèrè, mo ní láti kọ́kọ́ sọ pé mo parọ́. Kò rí yàrá Kégué gbà. Òun àti obìnrin ará Nàìjíríà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń ru agbada lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré Kégué lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń wọlé.

Àìsàn tó mú un lọ kò kan sóyà. N kò fẹ́ fi irọ́ mìíràn lé ti àkọ́kọ́ kí n máa sọ pé èmi ni mo pa á. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, ó sì tó.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, obìnrin ará Nàìjíríà náà wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun máa lo ààrò ẹ̀yìnkùlé. Mo gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo jáde lọ bá a nídìí epo, mo ní kó fún mi ní ẹyọ kan.

Ó fi ọwọ́ bo àwo.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màmá kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní dókítà ti kọ̀ ọ́ fún yín, pé bí àwọn ò bá tiẹ̀ sí nílé, tẹ́ ẹ bá bèèrè, mi ò gbọdọ̀ fún yín. Gbogbo àwọn oníbàárà tó bá bèèrè ìdí tẹ́ ẹ kì í fi í jẹ ẹ́ ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.”

Ìyàwó mi ti ru irọ́ mi kiri láàárín gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀, kí ojú má baà tì mí.

“Kò sí dókítà kankan,” mo wí.

Ó wò mí. Ó yí àwọn tó wà nínú epo padà, ó mú ẹyọ kan sórí ewé, ó nà án sí mi. “Ẹ jẹ́ kó tutù.”

Mo béèrè bóyá omi ìkòkò Màmá náà ló ṣì fi ń dì í. Ó ní rárá, ó bàjẹ́ lọ́sẹ̀ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Omi ògì ló tọrọ lọ́dọ̀ aládùúgbò tó fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Obìnrin kan tó wá rajà dúró lẹ́nu géètì, ó ń wo ẹnu mi.

“Bàbá, báwo ló ṣe rí?”

“Ó dùn,” mo wí.

Ó wọlé, ó ní kí wọ́n pọ́n díẹ̀ fún òun. Mo padà sínú ilé, mo jókòó sídìí tábìlì yìí.