Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Bongror Kọ́ Níṣẹ́ Igi Gbígbẹ́

Ní gbogbo apá àríwá erékùṣù Ambrym, Bongror nìkan ló kù tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbẹ́ Ojú Mẹ́ta. Èèyàn lè mọ igi í gbẹ́ ju Bongror lọ, kí àáké rẹ̀ sì mú ju tiẹ̀ lọ. Bí kò bá ṣáà tíì fi ẹlẹ́dẹ̀ ra Ojú Mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, tó wá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, ìtanràn dé nìyẹn, ẹlẹ́dẹ̀ ni yóò sì fi san ìtanràn ọ̀hún. Ọwọ́ bàbá tó bí i lọ́mọ ni Bongror ti ra tiẹ̀. Bàbá náà ò dín in ní irun ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo.

Igi-ìlù gàgàrà ni Ojú Mẹ́ta. Odindi igi gbẹ̀rẹ̀fúùtù la fi ń gbẹ́ ẹ, a ó là á nínú gbọọrọ kó lè dún, a ó gbé e nàró sí pápá ìlú, ojú mẹ́ta yóò sì to ara wọn léra, róbótó róbótó bí àwo. Nígbà tí Bongror pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń ṣú, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó wá rà á. Àwọn géńdé ìlú ti lọ já èso fún òyìnbó ní New Zealand. Ní Vila, olú-ìlú wa, Ojú Mẹ́ta tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ni wọ́n ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ tà fún àlejò. Bí Bongror bá kú láì tà á, Ojú Mẹ́ta bá a wọ ilẹ̀ nìyẹn, kò tún sẹ́ni tí yóò gbẹ́ ẹ mọ́ láyé. Ẹ̀rù èyí bà á ju ẹ̀rù ikú lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ ẹ: Alfons, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọkùnrin ẹni ọdún méjìlélógójì tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn òkè. Ọwọ́ Alfons dáa nídìí igi. Ẹlẹ́dẹ̀ ni kò bá orí rẹ̀ mu. Èyí tó kọ́kọ́ sìn, àwọn àna rẹ̀ jẹ ẹ́ níbi ìgbéyàwó. Èkejì já sínú kòtò eérú òkè oníná. Ẹ̀kẹta dàgbà, ó sanra, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ yọ gbọọrọ bí ọ̀kọ̀, kò ká rárá. Ta ni yóò gba irú ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Bongror tọ olóyè Saling lọ, ẹni tó ń ṣọ́ òfin àwọn baba.

“Olóyè, bí mo bá fi í tọrẹ ńkọ́?”

Saling ń họ iṣu, kò gbójú sókè. “Kí lo fẹ́ fi tọrẹ?”

“Ojú Mẹ́ta. Fún Alfons.”

“Ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́, Bongror. O fún un lọ́fẹ̀ẹ́, igi yóò là sí méjì. Ẹlẹ́dẹ̀ eléyín róbótó kan ni. Òun náà ni bàbá ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ.”

“Kò ní ẹlẹ́dẹ̀.”

“Ṣebí ìwọ ní.”

Ẹ̀fẹ̀ ni Saling ń ṣe. Bongror kò mọ̀ ọ́n sí ẹ̀fẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé.

Ẹlẹ́dẹ̀ tí Bongror ní ń jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù, nítorí ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ ìjọ lórí ni ìyá rẹ̀ bí i. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Bongror ti yọ eyín òkè rẹ̀ láti kékeré kí tìsàlẹ̀ lè ráyè ká, ó sì ti ká yípo, ṣóńṣó eyín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí rẹ̀. Irú ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í lè tú ilẹ̀ jẹ. Ọwọ́ la fi ń bọ́ ọ. Ojoojúmọ́ ni Bongror ń se iṣu, tó ń bó o, tó ń fi ọwọ́ rún un fún un.

“Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo ti wà nílé yìí,” ni Lirom ìyàwó rẹ̀ máa ń wí. “Ta ló bó iṣu fún mi rí?”

Bí Bongror ṣe ta Bíṣọ́ọ̀bù fún Alfons nìyí: orúnkún ń dun Lirom, nítorí náà Alfons yóò máa fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọjà, ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀ṣì títí ọjọ́ ayé rẹ̀, iwájú ni yóò sì máa jókòó. Inú Lirom dùn débi pé ó wẹ ẹlẹ́dẹ̀ náà kó tó lọ. Saling gbọ́, ó gbọn orí títí, kò rí òfin tó kọ̀ ọ́. Ó kàn ní kí ẹlẹ́dẹ̀ gbé lọ́dọ̀ Alfons títí oṣù tuntun yóò fi lé, kó tó fi ra Ojú Mẹ́ta, káyé má baà sọ pé Bongror ń fi ẹlẹ́dẹ̀ ara rẹ̀ sanwó fún ara rẹ̀. Ohun tó sì ń ṣe gan-an nìyẹn, gbogbo wa la mọ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Bíṣọ́ọ̀bù wà lẹ́nu ọ̀nà Bongror, ó ń retí iṣu. Ó ti fẹsẹ̀ rìn wálé. Alfons gbé ọkọ̀ wá mú un padà. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó figbe ta tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè fi sáré jáde, wọ́n rò pé òkè ti bú. Wọ́n gbé e síwájú, ó dákẹ́, ó ń wo ojú ọ̀nà. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kẹta nìyẹn, bó ṣe rí lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ kẹrin sì jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ẹ̀yìn ni Lirom wà, láàárín àpò àgbọn gbígbẹ.

“Alfons,” ó pè é látẹ̀yìn, “kí ló dé tí ọkọ mi fi ta ẹlẹ́dẹ̀ yìí fún ẹ?”

“Kẹ́ ẹ lè máa jókòó síwájú ni, Ìyá.”

“Ta ló wá jókòó síwájú?”

“Ẹlẹ́dẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ó dáa. Mo kàn fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ ni.”

Lọ́jọ́ karùn-ún, Bíṣọ́ọ̀bù ò jẹun lọ́wọ́ Alfons mọ́. Kí ló tún kù? Bongror ká ẹní rẹ̀, ó kó lọ sílé Alfons. Ẹni tó ta ẹlẹ́dẹ̀ bá ẹlẹ́dẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Alfons ń gbẹ́ igi-ìlù olójú kan, èyí tí bàbá tirẹ̀ ti rà kó tó kú. Bongror jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́, ó ń rí àṣìṣe, kò sì gbọdọ̀ là á níyè, torí bó o bá kọ́ èèyàn níṣẹ́ tí kò tíì san ẹlẹ́dẹ̀, o ti tàpá sófin. Ó fara dà á fún ọjọ́ kan ààbọ̀. Nígbà tó yá, ó yí ẹ̀yìn sí Alfons, ó kọjú sí ẹlẹ́dẹ̀.

“Bíṣọ́ọ̀bù,” ló wí, ó sì gbóhùn sókè dáadáa, “èmi bá jẹ́ ìwọ, n ò ní ti imú bẹ̀rẹ̀. Ẹyinjú la ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹyinjú bá ti jókòó, imú á mọ ibi tó ń lọ.”

Alfons ò wẹ̀yìn. Àáké rẹ̀ ṣáà kúrò ní imú, ó bọ́ sí ẹyinjú.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ó kọ́ bí a ti í mọ igi tí yóò là kó tó là. Ó kọ́ bí ojú òkè Ojú Mẹ́ta ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju tìsàlẹ̀ lọ, kí ẹni tó dúró nísàlẹ̀ lè rí wọn lọ́gbọọgba. Ọ̀rọ̀ dé etí Saling, ó dé pẹ̀lú ọ̀pá.

“Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?”

“Ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀,” ni Bongror wí. “Ṣé èèwọ̀ ni?”

Saling ronú títí. Ó rántí gbogbo òfin tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ, kò rí èyí tó ní kéèyàn má kọ́ ẹlẹ́dẹ̀ níṣẹ́. “N ò gbọ́ ọ rí,” ló wí, ó sì jókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò pẹ́ tóun náà fi kọjú sí ẹlẹ́dẹ̀. “Bíṣọ́ọ̀bù, etí òsì yẹn ti nípọn jù.”

“Irọ́ ni, kò nípọn,” ni Bongror wí.

“Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀? Ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àgbà márùn-ún ló ń jókòó lórí ìjókòó gbọọrọ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń bá ẹlẹ́dẹ̀ jiyàn, tí wọ́n ń tú àṣírí tí olúkúlùkù wọn fi ẹlẹ́dẹ̀ rà ní ìgbà èwe. Ẹlẹ́dẹ̀ ń sùn. Alfons ń gbẹ́ igi.

Oṣù tuntun lé. Àṣà wa ni pé ẹni tí a bá fa ẹlẹ́dẹ̀ lé lọ́wọ́ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Bí kò bá pa á, kò sí ohun tí a rà, kò sí ohun tí a tà. Bongror mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti pa ju mẹ́wàá lọ láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bó iṣu fún ìkankan nínú wọn fún ọdún mẹ́sàn-án.

“Bàbá Màrítà, ọwọ́ yín ń gbọ̀n,” ni Lirom wí fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

“Ó ti ń gbọ̀n tipẹ́.”

“Tòní yàtọ̀.”

Gbogbo ìlú pé sí pápá. Alfons wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fi okùn fa Bíṣọ́ọ̀bù bọ̀ tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ rí Bongror lọ́ọ̀ọ́kán, ló bá ki eré mọ́lẹ̀. Alfons ò fi okùn sílẹ̀, ó ṣubú, ẹlẹ́dẹ̀ wọ́ ọ gba inú eérú já, nígbà tí yóò fi dìde, ṣẹ́ẹ̀tì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Bíṣọ́ọ̀bù gbé orí lé ẹsẹ̀ Bongror, ó ń retí iṣu. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Bongror nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Wọ́n ti san án, Bongror,” ni Saling wí. “Gbà á.”

Bongror gba kùmọ̀. Ó gbé e sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀rín rọlẹ̀. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú iṣu kan jáde, ó rún un, ó fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ náà. Ó dúró títí ó fi gbé e mì.

“Bíṣọ́ọ̀bù,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé ibi tí Alfons dúró sí, “ó ku ẹyọ kan tí n ò tíì sọ fún ẹ. Ojú kẹta, ti ìsàlẹ̀ pátápátá, a kì í wò ó tí a bá ń gbẹ́ ẹ. A ó dijú ni, ọwọ́ la ó fi máa wá a. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi, lórí pápá yìí, lọ́jọ́ tó pa ẹlẹ́dẹ̀ tí mo fi rà á. Ẹlẹ́dẹ̀ tèmi yẹn náà lórúkọ.”

Ó dijú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lu ú. Lẹ́yìn náà ó jókòó sínú eérú, ó sunkún níṣojú gbogbo ìlú, kò sì wá ohun tó máa fi nujú.

Lọ́jọ́ Ajé, Alfons gbé ọkọ̀ wá gbé Lirom lọ sí ilé ìwòsàn. Lirom gba ẹ̀yìn, ó ń gbìyànjú láti gùn ún.

“Ìyá, iwájú ti ṣófo o.”

“Mo rí i.”

“Ẹ wá jókòó níbẹ̀.”

“Wa ọkọ̀ ẹ, Alfons.”

Nígbà tí wọ́n dé, Alfons gé igi gbẹ̀rẹ̀fúùtù tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ Ojú Mẹ́ta. Òfin ti gba Bongror láyè wàyí láti kọ́ ọ lójúkojú. Ó jókòó tì í. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ń kọjá lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, arúgbó náà yí ìjókòó rẹ̀ padà, ó yí ẹ̀yìn sí Alfons, ó kọjú sí abẹ́ igi tí ẹlẹ́dẹ̀ máa ń sùn sí.

“Bíṣọ́ọ̀bù,” ló wí, “sọ fún ọkùnrin yẹn pé Saling jàre. Etí òsì èyí náà ti nípọn jù.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá,” ni Alfons wí, ó sì fá a.